Kùtùbá Jímọ̀: Iṣẹ́ Tí Ènìyàn Kò Rí

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, a rí ihò kéékèèké nínú ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá wa, tí kòkòrò ń wọ̀, tí wọ́n sì ń jáde. Àwọn kan nínú wa gbé kẹrosíìnì wá. Àwọn mìíràn ní kí á da kọnkéré bò ó. A ní kí wọ́n dúró di òní.

Oyin ni wọ́n, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Amegilla. Wọn kò ní ọba, wọn kò sì ní afárá tí a lè fún oyin nínú rẹ̀. Abo kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá gbẹ́ ilé tirẹ̀. Yóò mọ yàrá kéékèèké sínú ilẹ̀, yóò kó oúnjẹ láti inú òdòdó sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò yé ẹyin kan ṣoṣo sí i, yóò sì dí ẹnu rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Nígbà púpọ̀, kí ọmọ tó jáde, ìyá ti lọ.

Bí ó bá bà lé òdòdó tòmátì tàbí ti ìgbá, a máa gbọn ara rẹ̀ rìrì títí ìyẹ̀fun òdòdó yóò fi dà jáde, kí igi náà lè so. Oyin afárá kò mọ èyí ṣe. Ẹni tí ó ń ká èso náà kò mọ ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́.

Àwa ńkọ́? Bí a bá fún mọ́sálásí ní àpò símẹ́ńtì kan, a ń retí kí wọ́n pe orúkọ wa. Bí wọ́n bá gbàgbé, ó di ìbínú. Ẹ má jẹ́ kí á fi ìyìn ènìyàn ba láádá wa jẹ́. Ọlọ́hun tí ó fi orúkọ oyin pe Súúrà 16 rí iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀.

Ibn Abbās gbà á wá, Abū Dāwūd sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé Ànábì wa kọ̀ pípa ẹ̀dá mẹ́rin. Oyin wà lára wọn. Nítorí náà, a ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má ki igi bọ ihò náà.

Kí Ọlọ́hun gba iṣẹ́ wa, èyí tí ènìyàn rí àti èyí tí wọn kò rí. Áàmín.