Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Àwo Lórúkọ

Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ̀ pé orúkọ ń tọ́ka sí baba, sí ìyá, sí ìlú àti sí àkókò. Ohun tó yẹ ọmọ ló yẹ àwo orin. Àwo tí a bá fún ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, a ti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó bí i nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni nǹkan sì ń lọ lóde òní láàárín àwa tí a fẹ́ràn jáàsì, háíláìfù, jùjú àti Afrobeat. Ìmọ̀ ń dín kù, ariwo ẹnu ló ń pọ̀ sí i.

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe eré fífi etí dá olórin mọ̀ kò ṣàjèjì. Níbi tí àwọn olólùfẹ́ àwo bá ti pàdé, ẹnìkan á gbé àwo sórí ẹ̀rọ, á fi páálí rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, á ní kí àwọn yòókù sọ ẹni tó kọ ọ́. Eré ọgbọ́n ni, n kò sì bá eré jà. Ohun tí mò ń bá jà ni àṣà kí orin má tíì rìn dé ìdajì kí ẹnìkan ti pariwo pé, “Fẹlá ni!” Bí saxophone bá ti dún, Fẹlá ni. Bí gìtá bá ti gùn, Sunny Adé ni. Bí àkọ́díọ̀nù bá ti yọjú, I.K. Dáíró ni. Bí trumpet bá ti ké, Victor Ọláìyá ni. Èèyàn á rò pé ẹni mẹ́rin péré ló kọrin ní gbogbo ilẹ̀ yìí, pé Roy Chicago, Orlando Julius, Peter King, Zeal Onyia àti Bobby Benson kò wáyé rí. Ìbá sàn bí ọ̀rọ̀ bá tán síbẹ̀. Wọ́n á tẹ orúkọ yẹn sórí fóònù, wọ́n á dà á sínú fláàṣì, ẹni tó ń ta orin lẹ́bàá títì á dà á fún ẹlòmíràn, kó tó di oṣù mélòó kan, irọ́ ti ní ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́rìí. Ẹ ṣí fláàṣì bẹ́ẹ̀ wò: “Track 01”, “Track 02”, “Old School Mix”, àti “Fela Jazz” tí Fẹlá kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí àdúgbò kan bá wà tí kò yẹ kí àṣà yìí ti gbilẹ̀, àdúgbò tiwa, Ajégúnlẹ̀, ni. Wharf Road ní Apápá ni sítúdíò EMI wà láyé ọjọ́un, Ajégúnlẹ̀ kò sì jìnnà síbẹ̀. Ibẹ̀ ni Paul McCartney, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ní 1973 láti gba orin Band on the Run sílẹ̀. Fẹlá fẹ̀sùn kàn án pé orin àwọn aláwọ̀ dúdú ló wá jí. McCartney gbé orin tó ti ṣe fún un gbọ́, Fẹlá fetí sí i, ó sì rí i pé ohun tí òun ń fura sí kò sí níbẹ̀. Bí ìfura ọ̀gá olórin bíi Fẹlá kò bá lè rọ́pò ẹ̀rí, kí ni ká sọ nípa tiwa? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà sì tún wà. Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin ilẹ̀ Faransé, gbé Gainsbourg Percussions jáde. Ẹni tó bá ti gbọ́ “Akiwowo” nínú Drums of Passion, àwo tí Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960, yóò fura pé ibẹ̀ ni “New York U.S.A.” Gainsbourg ti wá. Orúkọ Ọlátúnjí kò sì sí lára àwo Gainsbourg nígbà tó jáde. Etí ló kọ́kọ́ fura. Gbígbé àwo méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Báwo ló wá ṣe yẹ ká ṣe é? Ká di àwo mú létí, kí ìka má kan ojú rẹ̀. Ká ka bébà àárín rẹ̀: ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ olórin. Lẹ́yìn náà, ká yí i sí ìmọ́lẹ̀, ká wo ibi tó ń dán láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà náà. Wọ́n máa ń fín nọ́ńbà síbẹ̀, bí bébà tilẹ̀ ya dànù, nọ́ńbà yẹn kì í parẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ pàápàá ń sọ ọjọ́ orí: Koola Lobitos ti Fẹlá ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969, Nigeria 70 tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Africa 70, Egypt 80 ló kẹ́yìn. Green Spots ti Sunny Adé ṣáájú African Beats. Orúkọ ìdílé nìkan kò tó, nítorí J.J. Ransome-Kuti, baba baba Fẹlá, ti kọrin sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1922. Ẹni tó bá sì gbọ́ trumpet inú No Agreement ti 1977 lè búra pé ọmọ Èkó kan ló ń fun ún, Lester Bowie ará Amẹ́ríkà sì ni. Bákan náà, ẹni tó gbọ́ dùùrù Randy Weston ará Amẹ́ríkà nínú “Niger Mambo” ti 1963 lè pè é ní orin Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ Bobby Benson ti Èkó ló ni orin náà.

Àwọn kan á ní etí àgbà kò ṣeé tàn jẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún etí àgbà, ṣùgbọ́n etí ọ̀gá pàápàá ti ṣìnà rí. Ní 1946, Leonard Feather, òǹkọ̀wé nípa jáàsì, bẹ̀rẹ̀ irú eré yìí nínú ìwé ìròyìn Metronome ní Amẹ́ríkà: á fi orin fún gbajúmọ̀ olórin gbọ́ láìsọ ẹni tó ni ín. Ní 1951, Roy Eldridge, akọni nínú fífun trumpet, fọ́nnu pé òun lè fi etí mọ̀ bóyá aláwọ̀ dúdú ló ń ṣeré tàbí aláwọ̀ funfun. Feather dán an wò, ọkùnrin náà sì ṣì í ju bó ṣe gbà á lọ. Àwọn ọ̀dọ́ á ní Shazam tó ń dá orin mọ̀ wà lórí fóònù. Ohun tí a bá kó fún Shazam nìkan ló mọ̀. Ọ̀pọ̀ àwo ilẹ̀ wa kò sí níbẹ̀, èyí tó sì wà, bí ẹni tó kó o síbẹ̀ bá ṣi orúkọ kọ, àṣìkọ náà ni yóò kà fún ọ. Ẹlòmíràn á ní, “Orin dùn, kí la fẹ́ fi orúkọ ṣe?” Ẹ bi ọmọ olóògbé léèrè. Owó orin, orúkọ ló ń tọ̀. Ọmọ tí orúkọ baba rẹ̀ ti kúrò lára orin, kí ni yóò fi gba ogún? Èyí tó lágbára jù ni ti àwọn tó ní ọ̀pọ̀ páálí kò dárúkọ onílù àti onígìtá, pé ojú àwo kan sì lè jẹ́ orin kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ ká rọra. Ní Ajégúnlẹ̀, Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo àti Ígbò jọ ń gbé àgbàlá kan náà. Bí orin kì í bá ṣe ti èdè wa, ẹ kanlẹ̀kùn aládùúgbò. Rex Lawson kọrin ní èdè Kalabari. Ẹni tí kò gbọ́ Kalabari, kí ló ń fún un lórúkọ sí? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àbí ibo ni ìwàǹwára yìí kò dé? Ẹnìkan á pariwo “Olè!” lójú pópó, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun tó jí, táyà ti wà lọ́rùn ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n á fi ìròyìn ránṣẹ́ láìkà á tán. Wọ́n á ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, oníkálukú á sì ní ìwé lọ́wọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sídìí àwo wa, ẹjọ́ ayé pọ̀ ju ohun tí bébà kan gbà lọ.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ orin, ẹ máa ṣe eré náà lọ, ẹ méfò, ẹ jiyàn dọ́gànjọ́. Àmọ́ kí orúkọ tó dórí fóònù, ẹ gbé àwo náà wò, ẹ kọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i. Bí ẹ̀rí kò bá sí, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “A kò tíì mọ̀ ọ́n.” Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn. Gbígba iṣẹ́ olóògbé kan fún ẹlòmíràn ni ìtìjú.