Nígbà Tí Oòrùn Bá Di Ariwo

Ìbánisọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ọgbọ́n tí gílóòbù LED fi ń tàn tó sì ń kú kíákíá ju ohun tí ojú lè rí, tí ẹ̀rọ agbàmọ́lẹ̀, ìyẹn èyí tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, sì ń ka títàn àti kíkú náà bí ọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí ọgbọ́n yìí gbé dìde ju ti ẹ̀rọ lọ: kí ló ń sọ ohun kan di ariwo? Bí wọ́n bá gbé irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ sí ọ́fíìsì kan ní Ọmọ́lé, l'Ékòó, oòrùn ọ̀sán tó bá gba ojú fèrèsé wọlé ni yóò jẹ́ ariwo tó le jù fún agbàmọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ní 1880, ìtànṣán oòrùn yìí kan náà ni Alexander Graham Bell àti Charles Sumner Tainter fi gbé ohùn ènìyàn kọjá nǹkan bíi mítà 213 ní Washington. Ariwo kò sí nínú ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, inú ohun tí agbàmọ́lẹ̀ ń wá ló wà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìṣọ́-òru ṣe jẹ́ àdúrà fún ìjọ tó ń lò ó, tó sì jẹ́ ariwo létí aládùúgbò tó lọ fẹjọ́ sun LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní Alausa.

Síbẹ̀, ìdáhùn yìí kò tíì tán ọ̀rọ̀, nítorí pé ariwo kò rí bákan náà. Ọ̀pá iná fluorescent àtijọ́ ń ṣẹ́jú nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí pé 50 Hz ni iná mànàmáná Nàìjíríà, ìyẹn ìyípo 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀pá náà sì ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ariwo rẹ̀ ní ètò, ẹni tó bá sì mọ ètò náà lè fi asẹ́ oníná, tí kì í jẹ́ kí ohun tó lọ́ra kọjá, yọ ọ́ kúrò. Ti oòrùn ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ tó dúró sójú kan ṣeé yọ, àmọ́ ẹyọ-ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń dé láìsí ètò kankan, ségesège tí èyí ń dá sílẹ̀ kò sì ṣeé yọ lẹ́yìn tó bá ti wọlé, nítorí pé kò sí ẹni tó lè mọ ohun tí yóò yọ gan-an. Kó tó wọlé ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dín in kù, pẹ̀lú gíláàsì aláwọ̀ búlúù tí ń dí àwọn àwọ̀ yòókù.

Gíláàsì náà ń dí ìmọ́lẹ̀ rere mọ́ ọn. LED búlúù tí wọ́n fi èròjà phosphor bò ni LED funfun; phosphor yìí ń sọ díẹ̀ nínú búlúù náà di yẹ́lò, ó sì ń pẹ́ kó tó kú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ yẹ́lò rẹ̀ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni olùkàwé nílò. Nítorí èyí, ojú agbàmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń lẹ gíláàsì náà mọ́, kì í ṣe ojú fèrèsé, kí ẹni tó jókòó ti tábìlì má baà pàdánù ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nítorí ohun tí ẹ̀rọ ń wá.