Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Tí À Ń Gbé Lọ Sílé: Ẹ̀bùn Ni Àbí Ìdànù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tí èmi àti ìyàwó mi ń di ẹrù ọdún nínú ilé wa ní Jahi níbí. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe ń rí. Bí a bá ti ń lọ sílé, gbogbo ohun tí a kò lò mọ́ ni a ń kó sínú búùtù ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí mo rà ní tòkunbọ̀ ní ọdún 2010 wà lára wọn. Bí a bá tan án, ènìyàn lè lọ wẹ̀ kí ó sì padà dé kí ó tó jí. Ìyàwó mi ní kí n gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ pa búùtù dé, ọkàn mi bi mí pé: ohun tí ìwọ kò lè fi tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo, kí ni o fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fi ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n rán wa létí nǹkan kan. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde lórí àwọn ògbólógbòó kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó wá sí Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ni ó ń wọlé lóṣooṣù, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gbé tó 800 kọ̀ǹpútà tàbí mọ́nítọ̀. Àwọn oníṣòwò tiwa fúnra wọn sọ fún wọn pé ó lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí kò ṣeé tà, tí kò sì ṣeé tún ṣe. Orí ààtàn ni ìyókù ń lọ, iná ni wọ́n sì ń sọ sí i. Bẹ́ẹ̀, orúkọ ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n fi di púpọ̀ nínú ẹrù náà. Inú bí wa sí òyìnbó. Èmi náà bínú. Wàyí o, kí ni ìyàtọ̀ láàrin kọ̀ǹténà wọn àti búùtù mi? Tiwọn gba orí òkun, tèmi fẹ́ gba ọ̀nà Lọ́kọ́jà.

Ẹnìkan lè ní kí n má ṣe àṣejù, pé ọmọ tí kò ní rárá yóò dúpẹ́ fún èyí tó lọ́ra. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Orí tòkunbọ̀ ni èmi gan-an ti kọ́ ìwé títẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ ẹni tí kò ní kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun tí a fún un dára. Ẹni tí kò ní yóò dúpẹ́ dandan, ìdí sì nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹni tí ń fún un ní nǹkan yẹ ara rẹ̀ wò.

Kì í kúkú ṣe gbígbó ni ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ọpọlọ rẹ̀ ti ń ṣírò lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é náà ni ó ń ṣírò lónìí. Ẹrù tí a dì lé e lórí ni ó pọ̀ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Niklaus Wirth, ará Switzerland, ti kọ ọ́ ní ọdún 1995 pé bí ẹ̀rọ ṣe ń yára sí i, kíákíá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àwọn ètò inú rẹ̀ ń di èyí tó lọ́ra. A ń bá arúgbó wí pé kò lè sáré, àwa náà ni a gbé àpò gàrí lé e lórí.

Mo bá gbé kọ̀ǹpútà náà kúrò nínú búùtù. Mo tú ìdí rẹ̀, eruku ọyẹ́ Àbújá tí mo bá nídìí fáànù rẹ̀ tó láti fi gbin ewébẹ̀. Eruku yìí nìkan tó láti fa ẹsẹ̀ kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, nítorí bí ooru bá ti pọ̀ jù, ọpọlọ rẹ̀ á dẹ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná. Mo wo àwọn ètò tí ń bá a jí láràárọ̀: mọ́kànlá! Mẹ́sàn-án nínú wọn kò ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń ṣe fún mi. Èyí kò tó, ni mo bá gbé e lọ sí Wúsè Kejì, wọ́n sọ RAM rẹ̀ di 4GB láti 2GB, wọ́n yọ hard disk tí ń yí bí òbírí, wọ́n fi SSD sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, SSD yìí ló ṣe iṣẹ́ jù. Windows 7 tó wà nínú rẹ̀, Microsoft ti dáwọ́ ààbò rẹ̀ dúró láti oṣù Kìíní ọdún 2020, nítorí náà mo fi Linux Mint rọ́pò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà tí à ń dúró dè bí ọkọ̀ ojú irin wá ń jí kí n tó ka ọgbọ̀n. Owó tí mo ná kò tó owó epo tí a fi lọ sílé.

Hard disk àtijọ́ yẹn, mi ò fún ẹnikẹ́ni. Fáìlì tí a bá parẹ́ kì í kú. Orúkọ rẹ̀ ni a yọ kúrò nínú ìwé, òun fúnra rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi jókòó lé e. Àwọn tó kọ ìròyìn ọdún 2005 yẹn ra hard disk ní Èkó, wọ́n sì bá àṣírí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Tèmi ní lẹ́tà báǹkì àti àwòrán àwọn ọmọ mi nínú.

Nígbà tí mo gbé e fún ọmọ náà, mo sọ òkodoro fún un: bátìrì rẹ̀ kò lè gbé ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, bí wọ́n bá mú iná, kí ó tètè fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣé sà, mo mọ ohun tí mo gbà báyìí.”

Ó ku mọ́nítọ̀ ńlá oníkùn kan, èyí tí mo ti fẹ́ kó pẹ̀lú rẹ̀. Òjé wà nínú gíláàsì irú rẹ̀, kò sí àtúnṣe tí yóò sọ ọ́ di ẹ̀bùn fún ẹnikẹ́ni nílé. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ó wà ní Jahi títí di bí mo ti ń kọ èyí, ìyàwó mi sì ń bi mí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ìgbà tí yóò kúrò níbẹ̀.