A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo kọ ewì kan nípa àwọn ilé alámọ̀ tó wà ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún. Mo ki ògiri pupa, mo ki páànù tó ti dípẹtà, mo ní kí ìjọba kankan má fọwọ́ kàn án. Mo kà á fún ìyá àgbà, inú mi ń dùn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ewì rẹ dùn, ọmọ mi. Àmọ́ páànù tí ò ń kì yẹn, ó ń jò. Ìwọ ń kì í, èmi ń gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀."

Ó dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lórí àtúnṣe ìlú: ṣé ó dáa kí ìjọba sọ àdúgbò àtijọ́ di tuntun, àbí kò dáa? Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìyá àgbà, mo rí i pé mo ti fo ìbéèrè kan tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tó bá wá dọ̀rọ̀ ìlú, ta ni olórí?

Ẹ jẹ́ ká dé Èkó ná, torí àwọn ará etí omi ti rí abẹ níbẹ̀ gan-an. Ní 1955, LEDB, àjọ tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ní ibẹ̀ há, ó sì dọ̀tí. Irọ́ kọ́. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè, ilé ibẹ̀ sì mọ́ ju tàtijọ́ lọ. Àmọ́ nígbà tí òyìnbó kan, Peter Marris, lọ ṣe ìwádìí láàárín wọn, tó sì fi ṣe ìwé ní 1961, ohun tó bá níbẹ̀ ni oníṣòwò tí oníbàárà ti já jù sílẹ̀, owó ọkọ̀ tó ń jẹ èrè, àti ẹbí tí kì í ríra déédéé mọ́. Ilé sàn, ayé ò sàn.

Ti Màrókò tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun ní ìpínlẹ̀ Èkó fún wọn ní ọjọ́ méje péré, lẹ́yìn náà katapílà dé. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, omi òkun lè bò ó. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí: ilé olówó ló kún ibẹ̀. Ṣé omi ò mọ olówó ni? Ní 2016 sí 2017, ó kan àwọn apẹja Ẹ̀gùn tó ń gbé Otodo Gbame, létí ọ̀sà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé irú ìléjáde bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Ṣùgbọ́n ilé ti wó kí ìdájọ́ tó dé.

Ẹlòmíì á ní gómìnà ni olórí, nítorí òun la dìbò fún. Ẹlòmíì á ní onílẹ̀ ni, tàbí ọba. Èrò tèmi rèé: olórí ni ẹni tí abẹ máa gé bí ọwọ́ onígbàjámọ̀ bá gbọ̀n. Bí ọjà bá wó, ta ni ò ní ríbi tajà lọ́la? Bí òrùlé bá jò, ta ló máa gbé abọ́? Ẹni yẹn ni.

Ibí lọ̀rọ̀ ti bá èmi náà wí. Gómìnà tó fẹ́ wó ilé, àti akéwì tó fẹ́ kí ilé wà bó ṣe wà kí ewì rẹ̀ lè dùn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan ń fá orí olórí, èkejì ní kí olórí má fá a. Kò sẹ́ni tó bi olórí léèrè.

Ẹnì kan lè wí pé, "Tí a bá ń bi gbogbo èèyàn, iṣẹ́ ò ní ṣe. Bí làpálàpá bá bo orí ọmọ, ṣé ìyá á dúró kó gbà ni?" Òótọ́ ni, ìyá á fá a, ẹkún ni kọ́mọ náà sun. Àmọ́ láàárín orúnkún ìyá lọmọ wà. Tí wọ́n bá fá a tán, ilé náà ló máa sùn. Èwo nínú àwọn ọmọ Màrókò ló padà sùn sí Màrókò?

Ìtàn tiwa náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní láti Ìlá Yàrá la ti ṣí wá. Àwọn ọmọọba pínyà, àwọn kan tẹ Òkè-Ìlá dó, àwọn kan tẹ Ìlá dó, méjèèjì sì gbé orúkọ Ìlá àti oyè Ọ̀ràngún dání. Wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀, ìlú ò kú, torí ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn. Ti Màrókò, ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìlú ló kú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Èkó nìkan o. Ní 2014, ìjọba Ọ̀ṣun àti UN-Habitat ṣe ètò ìlú fún Ìlá Ọ̀ràngún àti agbègbè rẹ̀, tó máa dé 2033. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 sì fi ọjà, gáréèjì àti odò ẹran sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kí owó kánsù máa lọ bá kánsù tààrà. Olú ilé kánsù Ìfẹ́dayọ̀, Òkè-Ìlá níbí ló wà. Ẹni tó máa mú abẹ ò jìnnà sí wa. Ta ló máa jókòó tì í nínú wa, kó lè bi ẹni tó yẹ?

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ nílé. Mo bi ìyá àgbà pé kí ni wọ́n fẹ́ gan-an. Wọ́n ní páànù tuntun, kí wọ́n sì rẹ́ ògiri. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sún ilẹ̀kùn iwájú kúrò níbi tó wà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ láti oko. Gbogbo ọdún tí mo fi ń wọlé, tí mo ń jáde, n ò mọ̀. Kò sí nínú ewì mi.