Ṣé Ó Tọ́ Kí A Ta Ilẹ̀ Láti Kọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀?

Bàbá mi ta púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì nínú oko wa ní Ẹgbẹ́dá, kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lè lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn aládùúgbò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Wọ́n ní bàbá ta ọkọ́, wọ́n fi owó rẹ̀ ra ìwé tó ń sọ nípa ọkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi di ìbéèrè lọ́kàn mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gba ìwé ẹ̀rí ND ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation, tí wọ́n dá sílẹ̀ láti ọdún 1921. Ẹni tó bá ṣe dáadáa níbẹ̀ lè gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́dọ̀ JAMB, kí ó sì wọ yunifásítì láti ọdún kejì. Ọdún mẹ́rin ni yóò lò dípò márùn-ún. Nínú mẹ́rin yẹn, ọdún kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ oko gan-an ni wọn yóò máa ṣe. (Bàbá ní àwọn ì bá kọ́ ọ ní ti ọdún yẹn lọ́fẹ̀ẹ́.)

Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gbà pé àgbẹ̀ kò nílò yunifásítì. Èmi kò gbà. Àrùn kan wà tó máa ń lọ́ ewé ẹ̀gẹ́ pọ̀, tí yóò sọ ọ́ di pọ́nyọ̀, tí iṣu rẹ̀ kò sì ní tóbi. Ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1967, àwọn onímọ̀ mú irú ẹ̀gẹ́ tó lè fara da àrùn náà jáde. Irú rẹ̀ ni bàbá ń gbìn lónìí. Bí gbogbo àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn bá ti jókòó sí oko bàbá wọn, kí ni à bá máa gbìn?

Nítorí náà, ìwé kọ́ ni ìṣòro. Ilẹ̀ ni. Owó tí a ná lè padà wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́lé sí kò ní hu àgbàdo mọ́. Ọwọ́ bàbá bàbá mi ni ilẹ̀ náà ti wá, ọ̀dọ̀ àwa ọmọ ló sì ń bọ̀. Bàbá kò bi èmi àti àbúrò mi. Mo sọ fún wọn pé kò dùn mọ́ mi. Wọ́n ní, "Ta ni nínú yín ló fẹ́ ro ó?" N kò lè dáhùn, torí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni èmi fẹ́ kọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó láti ìgbà náà: ẹni tí kò ní ro ilẹ̀ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n bi í kí wọ́n tó tà á.

Ti ẹ̀gbọ́n mi tún wà níbẹ̀. Gbogbo ilé ló ń retí pé yóò padà wá tún oko ṣe. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹ̀bùn tí a bá ń retí kí ẹni tó gbà á san padà, gbèsè ni, ó sì yẹ kí onígbèsè mọ iye tó ń jẹ kó tó na ọwọ́. Bí ó bá parí tó ríṣẹ́ sí bánkì, ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni? Lójú tèmi, rárá. Mo mọ̀ pé bàbá kò ní rí i bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ń di ẹrù, mo bi í bóyá yóò padà. Ó dákẹ́ títí. Ó ní owó púlọ́ọ̀tì méjì kò lè gbé òun dé ìparí, "ṣé ẹ ṣì máa ní oko nígbà yẹn?"

Ẹni tó ra ilẹ̀ náà ti kó búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kọ́lé. Bàbá tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìsinmi tó kọjá, èmi àti wọn jọ gbin ẹ̀gẹ́ sí àárín àwọn búlọ́ọ̀kù náà.