Apá Tí Kò Nà Tán

A mọ obìnrin kan lọ́jà Ìfọ̀ tí ó ń ta gàrí, tí apá rẹ̀ ọ̀tún ká láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bí ó bá ń wọn gàrí, ìgúnpá rẹ̀ a máa bo ẹnu kóńgò, àwọn oníbàárà a sì máa kùn pé ó ń rẹ́ àwọn jẹ. Lọ́jọ́ kan, aládùúgbò rẹ̀ da gàrí náà sínú kóńgò tirẹ̀. Ó kún bámúbámú. Àwa náà wà lára àwọn tí ó ti kùn.

Obìnrin yìí ni a rántí nígbà tí ọmọ kéú wa kan ní Mowe, tí ó máa ń ṣe eré kíríkẹ́ẹ̀tì, bi wá pé: “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí Ọlọ́run dá apá rẹ̀ ní kíká, ṣé arúfin ni?”

Muttiah Muralitharan ọmọ Sri Lanka ni ó ní lọ́kàn. Òfin eré náà ni pé ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù sí onígi kò gbọdọ̀ na ìgúnpá rẹ̀ bí ẹni ń sọ òkò. Apá Muralitharan kì í nà tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1995, ní Melbourne ní Ọsirélíà, rẹfirí Darrell Hair pè é ní arúfin lẹ́ẹ̀méje níwájú gbogbo èrò. Ojú lásán ni ó fi wò ó. Bẹ́ẹ̀ kíká kọ́ ni òfin kọ̀, nínà ni.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ ayàwòrán dé, wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn tí ń ju bọ́ọ̀lù ni ìgúnpá wọn ń nà díẹ̀, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fura sí. Òfin ìgbà náà gba dígíríì 5 fún àwọn tí ń yí bọ́ọ̀lù, ó gba 10 fún àwọn tí ń fi eré jù ú. Kóńgò méjì lọ́jà kan! Ní 2005, ìgbìmọ̀ ICC sọ ọ́ di 15 fún gbogbo wọn. Àwọn kan ní torí ẹnìkan ni wọ́n ṣe yí òfin. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin tí ó ń sọ gbogbo ènìyàn di arúfin láìmọ̀, yíyí ni ó tọ́ sí i.

Síbẹ̀, ojú rẹfirí ni ó ṣì ń yan ẹni tí wọn yóò wọ̀n. Ní 2019, nígbà tí Nàìjíríà lọ du àyè nínú Ife Àgbáyé T20 ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá ti UAE, wọ́n dá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa dúró nítorí ìgúnpá. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó lè padà, ó di ilé ìdánwò tí ICC fọwọ́ sí, kò sì sí ọ̀kan ní Nàìjíríà. Obìnrin Ìfọ̀ rí kóńgò aládùúgbò yá. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú fún ọmọ tálákà kí ó lè lọ wọn apá rẹ̀?

A sọ èyí fún ọmọ wa. Ó rò ó díẹ̀, ó wá ní kí a jáde sí ìta wá wo bí òun ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, bóyá ìgúnpá òun ń nà. A wò ó títí. A sọ fún un pé ojú wa kò tó o.