ẸNI TÍ KÌ Í ṢE ÀMÍN

BÍBÉLÌ KÍKÀ: Orin Dáfídì 14, Jòhánù 20:24-29
AKỌ́SÓRÍ: Júúdà, ẹsẹ 22 (kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta)

Bí o bá ti gba Ìdúmọ̀tà wọ ọjà Èbúté Èrò láàárọ̀ rí, o mọ bí a ṣe ń kí ara wa níbẹ̀. "Ṣé dáadáa lẹ jí?" "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." "Ọjà á tà o." "Àmín, lágbára Ọlọ́run." Mùsùlùmí ń ṣe àmín sí àdúrà onígbàgbọ́, onígbàgbọ́ ń jẹ ẹran Iléyá, àwọn ọmọ onílé tó ń jáde Adámú Òrìṣà náà sì ń bá wa nájà. A kì í jà. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹni tó ní kò sí Ọlọ́run rárá máa dúró sí láàárín wa? Bó bá fẹ́ háyà yàrá, lánlọ́ọ̀dù á bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí wo ló ń lọ. Bó bá ní òun kò lọ síbì kankan, ilé ti bọ́ nìyẹn.

Arábìnrin kan nínú ìjọ mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni, wọ́n jọ ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Èbúté Èrò. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò gbà mọ́ pé Ọlọ́run wà, ìyá sì kó ẹrù rẹ̀ síta lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ni èmi pásítọ̀ ṣe? Mo ní kí ó kúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú ààwẹ̀, ni mo fi bá ẹ̀mí òkùnkùn wí lórí rẹ̀. Mi ò bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kẹta tí ohùn mi ti há, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bu omi wá fún mi. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé mo lè sọ̀rọ̀?"

Ó ní òun mọ kóńgò àwọn ìyá kan tó ń darí àdúrà ọjà láràárọ̀. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú kí ìrẹsì má baà pé. Wọ́n á ṣe àmín tán, wọ́n á sì fi kóńgò yẹn wọn ìrẹsì fún opó. "Pásítọ̀, bí wọ́n bá gbà lóòótọ́ pé Ẹnì kan ń wò wọ́n, ṣé wọ́n á lè ṣe é?" Ó ní òun bẹ ìyá òun pé kó ra kóńgò gidi. Ìyá ní Ọlọ́run mọ ọkàn òun.

Mi ò rí èsì fọ̀.

Orin Dáfídì 14 la sábà máa ń jù lu irú ẹni bẹ́ẹ̀. Tún un kà láàárọ̀ yìí. Onísáàmù kò ní ẹnu ni òmùgọ̀ fi sọ ọ́. Inú ọkàn ló ti sọ ọ́. Dé ẹsẹ kẹrin: àwọn tó ń jẹ ènìyàn bí oúnjẹ lọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ẹni tó lu ìdí kóńgò ti sọ ọ́ lọ́kàn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló ń dá orin ìyìn. Ọmọ yẹn fi ẹnu sọ tiẹ̀, òun la wá lé síta. (Mi ò ní ó tọ̀nà o! Ọlọ́run wà, mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Rẹ̀.)

Àwọn àgbà wa rántí Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tó ń wọ ṣòkòtò péńpé káàkiri. Títí tó fi kú ní 1994, kò fi pamọ́ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní 1956, àwọn òbí ẹlẹ́sìn kó ọmọ lọ síbẹ̀. Ti Mubarak Bala, ọmọ Kánò, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2014 àwọn ẹbí rẹ̀ mú un lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ nílé-ìwòsàn. Ní 2020 wọ́n mú un nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ní 2022 ilé-ẹjọ́ gíga Kánò rán an lẹ́wọ̀n ọdún 24, kí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó dín in kù sí ọdún 5 ní 2024. O lè ní ti òkè Ọya nìyẹn. Ìyá tó kó ẹrù ọmọ síta ńkọ́? Èkó níbí ló wà.

Wo Tómásì. Ó ní òun kò ní gbàgbọ́ àfi bí òun bá fọwọ́ kan ojú àpá. Kò sẹ́ni tó ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, ó ṣì wà nínú ilé pẹ̀lú wọn, ìlẹ̀kùn sì tì. Inú ilé yẹn ni Jésù ti bá a. Bí wọ́n bá ti lé e ní ọjọ́ kejì ńkọ́?

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò tíì padà sí ìjọ. Ó máa ń yà sọ́dọ̀ mi lálẹ́ Sátidé, a jọ ń jẹ ẹ̀bà. Mo máa ń gbàdúrà sórí oúnjẹ, òun á dákẹ́ títí n ó fi parí. Ìyá rẹ̀ ti gbà kó padà sílé. Kò tíì ra kóńgò.

KÓKÓ ÀDÚRÀ: Bàbá, dárí jì mí nítorí ẹni tí ìwà mi lé sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ Rẹ. (Dárúkọ ẹni náà tí o ti ṣíwọ́ kíkí nítorí pé kì í ṣe àmín.)